Má Jẹ́ Kó Gbọ́ Kó Tó Gbó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí ènìyàn tí kò sì gbọdọ̀ pariwo, ẹ lọ bi Páìpù. Lọ́sàn-án Sátidé tí mò ń wí yìí, ó dúró níwájú síńkì ilé ìdáná rẹ̀, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àpò irinṣẹ́ ṣì wà léjìká rẹ̀, ó ń wo ìgò dúdú mẹ́rin tí wọ́n dojú wọn dé sórí aṣọ ìnuwọ́. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n. Wọ́n ti ha bébà ara wọn kúrò, wọ́n mọ́ tónítóní, omi ṣì ń kán ní ẹnu wọn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ọwọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó ń retí pé kí wọ́n yin òun.

"Mo ti bá ọ tún abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ṣe, ọkọ ọmọ mi," ni Màmá wí. "Háà, eruku ibẹ̀ kọjá sísọ! Àwọn ọtí tó ti gbó yẹn, mo ti dà wọ́n nù. Ìgò wọn ló dára, ni mo bá ní kí n fọ̀ wọ́n. Ẹ lè máa rọ epo sí i."

Kí ni kí Páìpù sọ? Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́ fún mi. Ìyá tó bí aya fún un ni. Kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń gbójú mọ́, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń jágbe mọ́. Bó bá jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é, gbogbo àdúgbò ì bá ti gbọ́. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ ni, wọn ì bá ti fò fẹ̀rẹ̀ gba ojú fèrèsé lọ. Àmọ́ Màmá ni. Páìpù ya ẹnu, ó pa á dé, ó tún un yà. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ kọ́ ló jáde.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ kú iṣẹ́ kẹ̀! Wọ́n da ohun tí ọkùnrin ti ń ṣọ́ bí ojú sínú gọ́tà, ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ó tún wá tẹrí ba díẹ̀ sí i. Màmá ní kò tọ́pẹ́, pé ṣebí ilé òun náà ni, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀ lọ na ẹ̀yìn. Páìpù dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn fún yín.

Pulọ́ḿbà ni Páìpù. Abẹ́ síńkì àwọn ẹlòmíràn ló ti ń jẹun, níbi tó ti ń yọ irun, ọ̀rá àti òrùka ìgbéyàwó jáde. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àwọn méjèèjì nìkan ló ń pè é. Gbogbo ayé yòókù, Páìpù ni. Kì í ṣe ọ̀mùtí o, ẹ jẹ́ ká tètè là á mọ́lẹ̀. Ife kan péré ló máa ń mu lálẹ́ Sátidé, ife náà sì lè gbà á ní wákàtí méjì. Ọtí tó fẹ́ràn kì í ṣe ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ọtí dúdú ni, èyí tó le, tó dú bí ọ́ìlì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀, tí wọ́n ti rọ sínú àgbá igi tí wisikí ti kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí igi fi bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó rọ ọ́ sí ìgò. Bí ó bá sì dé inú ìgò pàápàá, kò tíì parí. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀dá á tún gbé e pamọ́.

Ìpamọ́ yẹn sì ni iṣẹ́. Ìgò rẹ̀ kì í dùbúlẹ̀, ìdúró ló ń dúró. Kò gbọdọ̀ rí oòrùn, kò gbọdọ̀ rí iná mànàmáná, kò gbọdọ̀ sí níbi tó gbóná, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mì í. Ìdí nìyẹn tí Páìpù fi gba abẹ́ àtẹ̀gùn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, tó kó ìgbálẹ̀ àti bàtà àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, tó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yóò rí pípọ́n ojú òun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ni ó máa ń wí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀, tó fi ọ̀wọ̀ bu ife kan fún nígbà kan, sọ yìnyín mẹ́ta sínú rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n wá bá òun fi mínírà là á, pé ó korò. Páìpù kò bínú. Ó kàn ń gẹ irun rẹ̀ ní ibòmíràn fún odidi ọdún kan ni.

Ẹni tó kọ́ ọ ní ọtí yìí ni bàbá ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé iṣẹ́ ọtí ni bàbá yẹn ti ṣiṣẹ́ láti ọ̀dọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa kan àgbá, kó máa tún èyí tó bá ń jò ṣe. Bàbá Àgbá ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mú á rò pé Bàbá Àgbà ni wọ́n wí, nítorí náà, láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n tó jọjú ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kí i bí ẹni tó ti ní ọmọọmọ. Ó ní ìkíni yẹn ló tètè hu ewú sí òun lórí.

Màmá ní tirẹ̀, aránṣọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ilé rẹ̀ mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì mú bí sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò fẹ́ràn ọtí rí, kò tọ́ ọ wò rí, kò sì fẹ́ kí òórùn rẹ̀ wọ ilé òun. Bí Bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Gbé òórùn rẹ dúró síta," ni Màmá máa ń wí. Bí ìjà bá sì dé láàárín wọn, ohun kan náà ló máa ń sọ, ó sì ń dun Bàbá dé egungun: "Igi lásán lo fi ayé rẹ kàn. Àgbá òfìfo!"

Ọdún tí Bàbá máa fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀, ó kan àgbá kan kẹ́yìn. Ó ní òun kò tíì kan irú rẹ̀ rí. Wọ́n rọ ọtí dúdú sínú rẹ̀, nígbà tó pé, àwọn ọ̀gá fún un ní páálí kan nínú ọtí náà pẹ̀lú ọpẹ́. Kò jẹ́ gbé e délé, ẹ ti mọ ìdí. Ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ ní tààrà, abẹ́ àtẹ̀gùn ló sì gbé e sí. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì jókòó sí lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, tí Bàbá fi bá Páìpù sọ̀rọ̀.

"Bí ọtí yìí bá gbó," ni Bàbá wí, "ìyá ìyàwó rẹ ni kí o bu ife àkọ́kọ́ fún. Kó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kó tu ú dà nù, ó ti tán. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó fi ayé yìí sílẹ̀ kó ṣì máa rò pé igi lásán ni mo fi ayé mi kàn. Má tíì wí nǹkan kan fún un ṣá. Bó bá gbọ́ nísinsìnyí tí ọtí ṣì ń ta ọ̀fun, á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kó gbọ́ kó tó gbó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Bàbá lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì tún un sọ. Páìpù fi ọwọ́ sọ̀yà, ó ní òun ti gbà.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣí ìgò kan. Bàbá á gbé ife sí ìmọ́lẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á fà á mu díẹ̀, á di ojú. Páìpù á máa wò ó lẹ́nu bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí máàkì. "Kò tíì gbó," ni Bàbá á wí. Lọ́dún kan ó ní ọtí náà ṣì ń pariwo bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù àkọ́kọ́. Lọ́dún mìíràn ó ní igi ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ó kù díẹ̀. Ká ní sùúrù." Wọ́n ní sùúrù. Ikú ni kò ní. Bàbá kú lọ́dún tó kọjá láìrí i kó gbó, Màmá sì kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti àpótí abẹ́rẹ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Páìpù nìkan jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, tó ṣí ìgò kan. Òórùn kọfí tí iná fẹ́ jó ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ti ṣúgà tó pọ́n nínú ìkòkò, lẹ́yìn ìyẹn ni igi wá rọra yọjú. Ó fà á mu. Kò ta á lọ́fun mọ́. Ó rọra ń sọ̀kalẹ̀, ó ń móoru dé àyà, adùn rẹ̀ kò sì kánjú kúrò lẹ́nu. Gbogbo ohun tó ti ń bára wọn jà nínú ọtí yẹn ti parí ìjà. Omi bọ́ lójú Páìpù, kò sì nù ún. "Bàbá," ó ní, "ó ti gbó o."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí páìpù, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí náà: Ó TI GBÓ. Nítorí kí wọ́n má baà ṣì í gbé, ó kọ KÒ TÍÌ GBÓ sí ara páálí kejì, èyí tó rà ní ṣọ́ọ̀bù ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ìgò mẹ́rin ló kù nínú ti Bàbá. Sátidé tí mò ń wí yìí ni ọjọ́ ìbí Màmá, ó sì pinnu pé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó gé kéèkì, òun yóò bu ife àkọ́kọ́ yẹn, òun yóò sì jẹ́ iṣẹ́ tí Bàbá rán òun.

Ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin aráyé, ẹ bá mi wo nǹkan! Lẹ́nu Páìpù àti Bàbá Àgbá, oríyìn ni gbó. Ohun tó bá gbó ni ohun tó tó mu. Ẹ wá lọ bi aránṣọ ní ohun tí gbó jẹ́. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ló ń gbó. Orúnkún ṣòkòtò ló ń gbó. Ohun tó bá ti gbó, a kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́, àkísà ni, ẹ fi nu ilẹ̀. Màmá wọ abẹ́ àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ láti fi ìmọ́tótó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbà á sílé. Ó rí páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ti gbó. Ó tún wo ara ìgò, ó rí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ náà ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Kí ni kó tún máa wò? Ti páálí kejì, èyí tí kò tíì gbó, ńṣe ló nù ún, tó fi aṣọ funfun bò ó lórí bí ohun iyebíye.

Páìpù sì ti jìyà kó tó délé lọ́jọ́ yẹn o. Láti àárọ̀ ló ti wà nílé alájà mẹ́ta kan, níbi tí ayálégbé kan ti da sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù sínú ilé ìgbẹ́, tó ń búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì wà lára bàtà rẹ̀. Onílé ní páìpù tí Páìpù rì ló burú. Páìpù ń gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà, ó ń làágùn, ohun kan ṣoṣo ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú: "Lálẹ́ òní, màá jẹ́ iṣẹ́ bàbá yẹn."

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni síńkì yẹn. Tẹ́lẹ̀, omi kì í tètè lọ nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kígbe títí, pé ṣé ilé pulọ́ḿbà ni síńkì á ti máa dí, títí Páìpù fi ṣe é ní oṣù tó kọjá. Ó ṣe é dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ó ya ọ̀lẹ díẹ̀ sí i, ọtí yẹn ì bá ṣì dúró sínú síńkì nígbà tó dé. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ yí i lórí.

Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú táwẹ́ẹ̀lì, ó fi di ẹnu, ó sì ké. Ó ké títí ọrùn rẹ̀ fi le. Ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé pẹ̀lú ẹyin kéèkì, gbọ́ ohùn kan bí ti màlúù tí wọ́n dì mọ́ inú àpò, ó sì wá kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá wọn, ṣé kò sí nǹkan?"

Páìpù ṣílẹ̀kùn, ó fà á wọlé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi jà, nítorí yàrá Màmá kò jìnnà.

"Ìyá rẹ ti da ọtí mi nù."

"Èwo?"

"Èyí tó wà nínú páálí. Gbogbo ẹ̀! Ó ní ó ti gbó!"

"Ṣé kò tíì gbó ni?"

"Ó ti gbó! Ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n dà á nù nìyẹn!"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ó ti gbó, wọ́n bá yín dà á nù, ẹ tún ń bínú. Kí ló dé tí ẹ ò kọ 'ẹ má fọwọ́ kàn án' síbẹ̀?" Nígbà tó rí i pé ojú ọkọ òun kò rọ̀, ó rọ ohùn. "Ẹ má bínú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Háà! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tó wà láyé, èyí ló rí sọ. Agbè kò fọ́ lóòótọ́. Agbè wà nínú ilé ìdáná, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́, wọ́n ń dán. Páìpù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, ó wá fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ọtí bàbá rẹ ni," ó wí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àgbá tí Bàbá kàn kẹ́yìn, iṣẹ́ tó rán òun, ife àkọ́kọ́, gbogbo ọdún tí wọ́n fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó rẹ̀ rọra jókòó sí etí ọpọ́n ìwẹ̀, pẹ̀lú ẹyin nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀.

"Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀?" ó bi í. "Pé òun ò fi ayé òun kan igi lásán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ló rán. Mo sì máa jẹ́ ẹ. Ọtí ti lọ, ọ̀rọ̀ ò lọ. Màá sọ fún un lálẹ́ yìí kó mọ ohun tó—"

"O ò ní sọ ọ́!" Ẹ ṣàkíyèsí pé ó ti kúrò ní "ẹ", ó ti bọ́ sí "o". "Páìpù, gbọ́ mi o. Obìnrin tó ṣì ń tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí bàbá mi ń sùn sí láràárọ̀. O fẹ́ lọ sọ fún un lọ́jọ́ ìbí ẹ̀ pé ohun tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi dà á sí gọ́tà? Kó wá ṣe kí ni? Kó lọ lá gọ́tà?"

"Kí n wá sọ kí ni fún bàbá rẹ?"

"Bàbá mi ti kú. Màmá mi ni ò tíì kú."

Ó dìde, ó lọ po kéèkì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ta Páìpù bí àgbọ́n. Gbogbo èèyàn ló gbé nǹkan kọ́ ọ lọ́rùn: òkú ní kó sọ, alààyè ní kó má sọ, òun nìkan ni ẹnikẹ́ni kò bi léèrè bóyá inú ń bí òun.

Nígbà tí kéèkì wọ inú ẹ̀rọ ìdáná, tí ìyàwó rẹ̀ ń tẹ́ tábìlì nínú pálọ̀, Páìpù padà sí ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀ níwájú síńkì, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wo páìpù tó tẹ̀ bí ìwọ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé omi díẹ̀ máa ń dúró sínú ibi tó tẹ̀ yẹn nígbà gbogbo, kí òórùn gọ́tà má baà wọlé. Ó sì mọ̀ dájú pé obìnrin tó fọ ìgò mẹ́rin pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tó da ọtí nù, kò lè ṣẹ́ nǹkan kan kù síbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀ ó gbé ife sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tú u. Ohun tó dà sínú ife náà jẹ́ omi ọṣẹ. Ó dúdú díẹ̀ nísàlẹ̀. Páìpù gbé e sí imú, ó ń wá igi, ó ń wá kọfí. Òórùn ọṣẹ ìfọbọ́ ló gbọ́.

"Ṣé gọ́tà ti dí ni?"

Màmá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tuntun tó rán fún ara rẹ̀. Páìpù gbé ife náà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ó fẹ́ dí díẹ̀ ni, Màmá."

"Mo mọ̀! Ọtí yẹn ni. Ó ki jù." Màmá fa àga, ó jókòó. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ọmọ òun kò sí nítòsí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Má wí fún ọmọ mi o, á ní mo ti ń ṣarán."

Páìpù kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìgò àkọ́kọ́, kíá ni mo dà á, mo yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì ni òórùn ẹ̀ wá bá mi. Ọkọ ọmọ mi, ṣẹ́ẹ̀tì bàbá yín ni. Ṣẹ́ẹ̀tì bàbá yín gẹ́lẹ́, níbi ọrùn, níbi tí mo máa ń lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ní kó gbé òórùn ẹ̀ dúró síta." Ó fi ọwọ́ tẹ́ ìṣẹ́po aṣọ lórí orúnkún rẹ̀. "Nígbà tó kú, mo wá ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí òórùn yẹn ṣì wà lára ẹ̀. Mi ò rí. Wọ́n ti mọ́. Èmi náà ni mo fọ gbogbo ẹ̀."

Omi ń kán láti inú páìpù sórí ilẹ̀. Páìpù kò dí i.

"Mo wá fi ìka kan ẹnu ìgò yẹn," ni Màmá wí. "Mo lá a."

Páìpù gbójú sókè.

"Ó dùn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè. "Kì í ṣe bí ṣúgà. Ó kàn dùn ṣáá. Mo tún lá a lẹ́ẹ̀kejì."

"Màmá, nígbà tẹ́ ẹ ti rí i pé ó dùn, kí ló wá dé tẹ́ ẹ da ìyókù nù?" Ohùn Páìpù ti fẹ́ le. Ó rọ̀ ọ́ kó tó dé òpin ọ̀rọ̀ náà.

"Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti gbó? Ẹni tó ni nǹkan ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ò fẹ́ dà á, mo kàn dà á ni." Màmá wo ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. "Ibo lo ti rí i? Àbí ilé iṣẹ́ bàbá yín ni wọ́n ti ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ náà dé góńgó ahọ́n Páìpù. Gbogbo rẹ̀ ló dé ibẹ̀, pẹ̀lú àgbá, pẹ̀lú àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ẹ̀rín Bàbá. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó yọ lẹ́yìn Màmá, abọ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tó dúró gbagidi, tó ń mi orí pé rárá.

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á, Màmá," ni Páìpù wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Màmá mí kanlẹ̀. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó, pé bó bá lọ jẹ́ ti bàbá yín ńkọ́." Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fi ọwọ́ kan Páìpù léjìká bó ti ń kọjá lọ. "Tó o bá tún rí irú ẹ̀ rà, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó gbó kó o tó fún mi."

Páìpù mú páìpù tó tẹ̀ yẹn, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó dè é kó le.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ó ní.